Láti Àpáta Ìdànrè dé Etí Òkun Ìlàjẹ: Àyẹ̀wò Mẹ́rin Lára Àwọn Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ó mọ̀ pé ilẹ̀ méjì tí kò jọra rárá ni òun fẹ́ tẹ̀. Níhà àríwá àti àárín, àpáta ni: àwọn òkè olókùúta tó yọrí gọnbu láàárín igbó kòkó, láti Ìdànrè títí dé Àkókó. Níhà gúúsù, bí a bá ti kọjá Òkìtìpupa, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, omi á máa pọ̀ sí i, títí èèyàn yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí òkun Àtìláńtíìkì. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lo ọjọ́ mẹ́fà nínú oṣù kọkànlá láti rin mẹ́rin nínú àwọn ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń múra àtilọ fi sọ́kàn ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n tìtorí onígbafẹ́ là. Ọ̀nà ààfin ni ọ̀kan, ọ̀nà oko ni èkejì, ọ̀nà àdúrà ni ẹ̀kẹta, ọ̀nà ilé sí ilé ni ẹ̀kẹrin. Bí a bá mọ iṣẹ́ tí ọ̀nà ń ṣe fún àwọn tó ni ín, a ó mọ ohun tó yẹ ká retí níbẹ̀, a kò sì ní máa bínú sí i nítorí ohun tí kò ṣèlérí.

Òkè Ìdànrè ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó, tó sì ní afinimọ̀nà tó ń dúró de àlejò. Láti Akúrẹ́, ìrìn ọkọ̀ débẹ̀ kò tó wákàtí kan. Gíga òkè náà tó nǹkan bíi 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ sí ara rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ béèrè iye àtẹ̀gùn náà gan-an lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, ẹ ó gba èsì mẹ́ta. Àbúrò mi pinnu pé òun yóò kà á fúnra òun, ṣùgbọ́n kò tíì ju igba lọ tí ìṣirò fi dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, torí pé ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kì í rántí nọ́ńbà. Bàtà aláwọ ni èmi wọ̀ lọ, ìwà òmùgọ̀ gbáà sì ni. Ìrì ṣì wà lórí sìmẹ́ńtì, àtẹ̀lẹsẹ̀ bàtà náà sì dán, débi pé ọwọ́ mi kò kúrò lára irin ìdìmú títí a fi dé ibi ìsinmi kẹta. Bàtà káńfáàsì tó ti gbó díẹ̀, tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ló dára jù níbẹ̀. Ẹ tètè gòkè láàárọ̀, nítorí pé bí oòrùn bá ti mú àpáta tán, òkè ni ooru yóò ti máa bá yín, ìsàlẹ̀ náà ni yóò sì ti máa bá yín.

Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àlejò ni pé wọ́n ka òpin àtẹ̀gùn sí òpin ìrìn. Wọ́n á dé òkè, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú ìlú tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á mu omi, wọ́n á sì padà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìrìn tó dùn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ufẹ̀ Òkè wà níwájú, níbi tí àwọn àpáta ńláńlá yí ká bí ogiri. Ìtàn ìlú sọ pé ó tó 800 ọdún tí àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè yìí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n wà báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ààfin Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo àti ilé ìwé náà wà. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yìí sínú ìwé àwọn ibi tó ń dábàá fún UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé, ẹni tó bá sì rìn láàárín àwọn ilé náà kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀nà tóóró tó wà láàárín wọn ti dán nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ro ti ọmọ tí wọ́n bá rán lọ sí ìsàlẹ̀ láyé ìgbà náà, tó wá gbàgbé ohun tí wọ́n rán an.

Láti ìlú àtijọ́, afinimọ̀nà lè mú yín lọ sí Omi Apaàrá, àti sí ibi tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ kan tó wọ inú àpáta, tí wọ́n ní ó ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ àfi ti àjẹ́. Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́, ó bá a mu. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, ó bá mi mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà mi fi nọ́ńbà mẹ́ta ju tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n afinimọ̀nà wa kò rẹ́rìn-ín. Òkè Ọ̀rọ̀sùn, tó dá dúró gbọingbọin lọ́tọ̀, òkè òrìṣà ni, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Ojú ni ká fi wò ó, kí á má ṣe béèrè ọ̀nà tó gùn ún.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa Ìdànrè kì í sábà sọ. Lórí àwọn àpáta tí omi ń sun sí lára, ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí wọn kò tíì rí níbòmíràn lágbàáyé. Ní 1963 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún, títí àwọn olùwádìí fi tún rí i ní 2013. A kò rí i ní tiwa. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rá píọ́wọ́tà mẹ́ta nínú ìṣàn omi kékeré kan tó ń gba ara àpáta sọ̀ kalẹ̀, inú mi sì bàjẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú àpò kan dání fún ọ̀rá yín. Mo fún ọ̀nà Ìdànrè ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹyọ kan tó kù, ìgbà ọyẹ́ ló gbà á, nítorí pé bí ọyẹ́ bá ti mú, ẹni tó wà lókè kò ní rí ju ìkùukùu eruku lọ. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló dára jù, tí omi ṣì ń ṣàn tí òkúta sì ti gbẹ.

Ọ̀nà kejì kò jọ ọ̀nà rárá. Ní Ìsàrun, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ihò àpáta kan wà nínú igbó tí àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè ti kọ sílẹ̀ tipẹ́ ní “Iwo Eleru”, tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò fi máa ṣe kàyéfì bóyá ìwo ni tàbí ẹrù. Ihò Eléérú ni orúkọ rẹ̀, torí eérú tó wà nílẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wú egungun èèyàn kan jáde ní 1965, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún. Kò sí egungun èèyàn tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó dàgbà jù ú lọ. Ọ̀nà oko ni ẹ ó gbà débẹ̀, láàárín kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, oríta sì pọ̀ lójú ọ̀nà. A gbà pé a mọ̀nà, a kò mú ẹnikẹ́ni láti ìlú dání, ẹ̀bi tiwa ni. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi àdá ṣa kòkó sílẹ̀ gbé orí sókè wò wá.

“Ẹ kú ìrìn o. Ibo lẹ̀ ń lọ, ẹ̀yin ọmọ mi?”

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ihò Eléérú ni, sà.”

“Háà. Oko mi lẹ wà yìí. Ihò ọ̀hún ti wà lẹ́yìn yín láti ìṣẹ́jú pípẹ́.”

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sìn wá dé ibẹ̀, kò sì gbà ju ìgò omi kan lọ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá ń retí ohun tí yóò yà á lẹ́nu lè ṣe ìjákulẹ̀: àjà òkúta ńlá ni, pẹ̀lú ilẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀, ojú òkúta sì tutù bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò omi. Ṣùgbọ́n bàbá náà jókòó, ó fẹ̀yìn ti àpáta, ó na ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ohun tí àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣe náà nìyẹn. Mo fún un ní méje, lórí àdéhùn pé ẹ ó kọ́kọ́ kí àwọn ará ìlú, ẹ ó sì mú ọmọ ìlú dání.

Òkè Màríà ní Ọ̀kà-Àkókó kò ní gbà wá lákòókò. Àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà ló ń gùn ún láti lọ gbàdúrà níbi ère Màríà, bí èèyàn bá sì fẹ́ fi ìrìn rẹ̀ ṣe eré ìdárayá, kí ó rántí pé àwọn mìíràn kúnlẹ̀ nítòsí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Mẹ́fà ni mo fún un, iyán ọ̀sán tí a jẹ nínú ìlú kò sí lára rẹ̀.

Etí òkun ló yí èrò mi padà. Mo ti rò pé bí a bá dé ọ̀dọ̀ Ìlàjẹ, a ó kàn bọ́ bàtà, a ó sì máa tẹ yanrìn lọ láti ìlú kan sí ìkejì. Níhà Araromi, yanrìn wà lóòótọ́, ó sì dára fún ìrìn ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, yanrìn á tán, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ á bẹ̀rẹ̀: etíkun ẹlẹ́rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ Màhín pè, tó rọ̀ bí ògì tí kò tíì jiná. Kò sí ẹni tó ń rìn ín. Láti Igbókòdá, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ni ẹ ó wọ̀. Ẹni tó wa tiwa sọ pé agogo mẹ́sàn-án ni a ó gbéra, kò gbéra títí agogo kan fi lù, nítorí pé ó ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ẹ̀wù amúniléfòó mẹ́ta péré ló sì ní fún èèyàn mọ́kànlá. Ẹ béèrè iye ẹ̀wù yìí kí ẹ tó san owó.

Ayétòrò ni a sọ̀ sí, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ń pín èrè nígbà náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gba títì, nítorí náà pákó ni ọ̀nà: wọ́n ri òpó mọ́ inú ẹrẹ̀, wọ́n to pákó lé e, ọ̀nà á sì gba iwájú ilé kan bọ́ sí iwájú ilé kejì. Àwa ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Ọmọdébìnrin kan tó ru ọpọ́n ẹja dé lẹ́yìn wa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀gbẹ́ kan,” ó fi ẹsẹ̀ lásán sáré kọjá lórí pákó tí ìbú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ, ẹja kan kò sì jábọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wo bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀: àárín pákó, níbi tí wọ́n ti kan ìṣó mọ́ òpó, ló ń tẹ̀, kì í tẹ ìpẹ̀kun pákó tó lè yẹ̀. A fara wé e, ìrìn wa sì sunwọ̀n sí i. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn Ìlàjẹ, àti ọbẹ̀ marúgbò tí wọ́n fi ṣe wá lálejò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀.

Òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ayétòrò, ó sì gba ọ̀nà mọ́ wọn. Nítorí pé àyẹ̀wò ni mo ń kọ, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà wá lálejò pé báwo ni ọ̀nà pákó náà ṣe gùn tó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó bi mí pé, “Ti ọdún wo, ẹ̀gbọ́n?” Ó wá na ọwọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, níbi tí orí òpó mẹ́rin kan ṣì yọ lójú omi, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yà sí ilé ìyá òun. N kò fún ọ̀nà yẹn ní máàkì. Ọkọ̀ tó ń padà sí Igbókòdá máa ń gbéra láàárọ̀, kí ẹ sì mú owó tí wọ́n ti ṣẹ́ dání.