Super Famicom láti Jàpáànù lórí iná 230: ohun tó tọ́ kí ẹ rà, àti ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀

Ẹ̀rọ géèmù náà fúnra rẹ̀ kò ní àléébù lójú mi. Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1990 ni Nintendo gbé Super Famicom jáde ní Jàpáànù, tèmi sì ń ṣiṣẹ́ pé pérépéré títí dòní, àfi ike rẹ̀ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín amutábà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàhálà wà: ihò tí iná ń gbà wọlé, àti ihò tí àwòrán ń gbà jáde. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń dun èèyàn, wọn á sì máa kó oríṣiríṣi nǹkan lé yín lọ́wọ́. Mo ti lo tíráńsífọ́mà, mo ti lo adapter tuntun, mo ti lo àpótí HDMI olówó pọ́ọ́kú, mo sì ti lo èyí tó dáa. Bí mo ṣe rí wọn nìyí, fún ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná ilé ti jẹ́ fóltì 220 sí 240.

Bí ẹ bá rí i tí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ pé kò sí adapter, ẹ má rò pé ó yọ ọ́ pa mọ́. Látilẹ̀ ni Nintendo ti ń ta Super Famicom láìfi adapter sí páálí, torí pé ẹni tó bá ti ní Famicom ti ọdún 1983 nílé lè lo tiẹ̀. Adapter kan náà ni. HVC-002 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Iná tó ń gbà: AC (iná ara ògiri, tó ń lọ tó ń bọ̀) 100V, 50/60Hz. Iná tó ń tú jáde: DC (iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) 10V, 850mA. Àwòrán kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó fi hàn pé − ló wà láàárín ihò, + ló wà lára ìta. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wò rárá nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ló sì ń pa ẹ̀rọ. Ẹ lọ wo adapter ráútà yín àti ti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn nínú ilé: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, + ló wà láàárín. Ẹnu wọn sì máa ń wọ ihò Super Famicom láìjà, láìta.

Kò sí ọgbọ́n kankan nínú HVC-002. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin, díódù àti kàpásítọ̀ ló wà níbẹ̀. Bí iná tó wọlé bá ṣe tó ni èyí tó ń jáde ṣe máa tó. Bí ẹ bá fi í sínú iná 230, fóltì tó lé ní 20 ló máa fẹ́ tú jáde, kí wáyà inú rẹ̀ tó jó. Àwọn ìdérí kékeré tí wọ́n fi ń yí ẹnu púlọ́ọ̀gì padà, ẹnu nìkan ni wọ́n yí. Iná ò mọ̀ pé ẹ ra nǹkankan.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sáré ra tíráńsífọ́mà step-down. Tèmi jẹ́ wáàtì 100, ó ń sọ 230 di 100, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe. Ẹ̀sùn mi ò pọ̀: ó wúwo débi pé bó bá já lé èèyàn lẹ́sẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, ó sì máa ń kùn hùn-ùn ní gbogbo ìgbà tó bá ti wà lára iná, yálà mo tan géèmù tàbí n kò tan án. Ní òru, nínú yàrá tó dákẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ. Super Famicom kì í jẹ tó wáàtì 10, nítorí náà ti wáàtì 100 ti ju ohun tó nílò lọ fíìfíì. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ríi dájú pé 100 ló kọ sára, kì í ṣe 110 tàbí 120. Ìyàtọ̀ 20 yẹn dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n HVC-002 lórí 120 á tú nǹkan bíi fóltì 12 jáde, inú ẹ̀rọ géèmù ni gbogbo àṣẹ́kù rẹ̀ ti máa di ooru. Àwọn kan tún wà tó fúyẹ́, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun tàbí áyọ́ọ̀nù rìnrìn àjò. Ẹ má lò wọ́n fún géèmù. Ṣe ni wọ́n ń gé iná náà jágajàga. Ohun tó kàn ń gbóná lásán lè fara dà á, géèmù ò lè fara dà á.

Nǹkan tí mo wá fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé Super Famicom kò nílò tíráńsífọ́mà rárá. DC ló ń jẹ, kò sì sí ohun tó kàn án nípa ibi tí DC náà ti wá.

Adapter tí mo ń lò báyìí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. 100–240V, 50/60Hz ló ń gbà, DC 9V ló ń tú jáde, agbára rẹ̀ tó ámpíà kan ààbọ̀, − ló sì wà láàárín ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 5.5 sí 2.1. Mo fi mítà wọ̀n ọ́ kí n tó kì í bọ ẹ̀rọ: 9.1, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ẹ lè bi mí pé 10 ni Nintendo kọ, kí ló dé tó fi jẹ́ 9? Nínú Super Famicom, ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní 7805 ló ń sọ iná tó wọlé di fóltì 5 tí gbogbo ẹ̀rọ ń lò. Ó kàn ń fẹ́ kí iná tó wọlé ju 5 lọ pẹ̀lú bíi 2 ni. Gbogbo èyí tó bá lé sí i, ooru ló ń sọ ọ́ dà. Nítorí náà 9 tó ń dúró sójú kan sàn fún un ju 10 ti HVC-002, tó máa ń fò sókè nígbà tí ẹ̀rọ kò bá fa iná púpọ̀. Bí mo bá gbá géèmù fún ìrọ̀lẹ́ odidi kan tí mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ lápá ibi tí 7805 wà, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ti ámpíà ò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín: ẹ̀rọ á fa ìwọ̀n tó bá fẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi ipá ti èyí tó kù wọ inú rẹ̀.

Àǹfààní mìíràn nìyí tí n kò retí: adapter kan náà ń gbé ẹ̀rọ géèmù Mega Drive àkọ́kọ́ àti PC Engine funfun ti ọdún 1987, torí pé àwọn náà ń jẹ 9V pẹ̀lú − láàárín. Mega Drive 2 kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí o. Ẹnu tirẹ̀ kéré, + ló sì wà láàárín.

Mo ti kọ́kọ́ lo òmíràn tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ pé bákan náà, ṣùgbọ́n ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú máa ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n, ní pàtàkì níbi tí àwòrán bá ti dúdú. Iná inú rẹ̀ ò mọ́ ni. Bí ẹ bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì dá wáyà àwòrán lẹ́bi; adapter ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí adapter SNES ti Yúróòpù (SNES ni orúkọ Super Famicom ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà), torí pé ìmọ̀ràn tó ń kiri ni pé kí ẹni tó wà lórí 230 kàn wá ọ̀kan rà. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu: Nintendo ló ṣe é, 230 ló ń gbà, ó sì wọ ihò náà. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: 9V AC ló ń tú jáde. Kì í ṣe DC. NES, ìyẹn Famicom ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù, náà ń jẹ AC, torí wọ́n ní díódù nínú tó ń sọ ọ́ di DC. Super Famicom ò ní in. Bí orí bá yọ yín, fíúsì kékeré tí wọ́n jó mọ́ inú rẹ̀ nìkan ló máa lọ. Nínú gbogbo adapter tí mo yẹ̀ wò, òun nìkan ni mo sọ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Àwọn kan á tún máa dààmú nípa Hertz (iye ìgbà tí iná AC ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), pé iná wọn jẹ́ 50, ti Jàpáànù sì jẹ́ 60. Jàpáànù fúnra rẹ̀ ń lo méjèèjì: Tokyo wà lórí 50, Osaka wà lórí 60. Kírísítálì inú ẹ̀rọ ló ń ka ìṣẹ́jú àáyá fún géèmù, kì í ṣe iná ara ògiri. 60 ni àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbikíbi tí ẹ bá tan án sí, nígbà tí ti Yúróòpù ń tú 50 jáde, tí ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀ sì ń fà bíi pé oorun ń kun wọ́n. Èyí wà lára ohun tó mú kí n yan ti Jàpáànù.

Ó ku àwòrán. Ihò pẹrẹsẹ ẹ̀yìn Super Famicom, òun náà ló wà lẹ́yìn N64 àti GameCube, àwọn ẹ̀rọ Nintendo tó tẹ̀ lé e, nítorí náà wáyà aláwọ̀ pupa, funfun àti yẹ́lò tó bá N64 wá máa wọ̀ ọ́, á sì ṣiṣẹ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá ti àtijọ́, tí ó bá jẹ́ PAL (ètò àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti Yúróòpù) nìkan ló mọ̀, ẹ lè rí àwòrán dúdú àti funfun. Tẹlifíṣọ̀n náà ò bàjẹ́. 3.58 MHz ni NTSC, ètò ti Jàpáànù, fi ń gbé àwọ̀, 4.43 sì ni PAL ń retí. Wáyà RGB ló ń yanjú ìyẹn, torí pé ó ń gbé àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹnu wáyà RGB onípín 21 ti Jàpáànù àti ti Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní SCART jọra bí ìbejì lójú, bẹ́ẹ̀ ètò inú wọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìbéèrè yín sí ọlọ́jà pé Super Famicom ti Jàpáànù lẹ fẹ́ lò ó fún, kó sì dáhùn kí ẹ tó sanwó.

Lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, mo kọ́kọ́ fi àpótí kékeré kan sí i, àwọn tó ń gba wáyà yẹ́lò tí wọ́n ń tú HDMI jáde. Àwòrán jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Super Famicom ń tú ìlà 224 jáde lódindi nígbà kọ̀ọ̀kan, àpótí náà sì rò pé ìdajì àwòrán ńlá kan ni, ó wá ń da méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú Super Mario World, tí ọ̀tá bá kan Mario tó yẹ kó máa tàn-án-kú fún ìgbà díẹ̀, ṣe ló pòórá lójú mi títí ó fi rìn jáde láti ibì kan tí n kò retí. Nínú F-Zero, mo yí ọwọ́ sápá òsì, ọkọ̀ ronú ná kó tó yí. Géèmù méjèèjì yìí ló bá ẹ̀rọ náà jáde lọ́jọ́ kan náà, bí àpótí kan bá sì kùnà lórí wọn, kí ló fẹ́ ṣe lórí ìyókù?

Àpótí tó ń jẹ́ RetroTINK 2X ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń gba wáyà yẹ́lò, S-Video (wáyà tó ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ àwòrán) àti component (tó pín àwòrán sí wáyà mẹ́ta), fóltì 5 ti USB ló sì ń jẹ, nítorí náà kò dá wàhálà iná mìíràn sílẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ di méjì bó ṣe ń wọlé, kì í dúró kó àwòrán jọ ná. Mario padà ń tàn-án-kú bó ṣe yẹ, ọkọ̀ F-Zero ò sì ronú mọ́. Pẹ̀lú S-Video, lẹ́tà Jàpáànù kéékèèké tó máa ń ṣú lórí wáyà yẹ́lò wá ṣeé kà ní yíyanjú. Super Famicom Jr., ẹ̀dà kékeré rẹ̀ ti ọdún 1998, ò ní jẹ àǹfààní yìí, torí wáyà yẹ́lò nìkan ló mọ̀ bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá.

OSSC, àpótí mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà géèmù máa dárúkọ. Àwòrán rẹ̀ tún mú ju ti RetroTINK 2X lọ, ṣùgbọ́n RGB ló ń fẹ́, kì í gba wáyà yẹ́lò. Ìlà kan sì wà tí Super Famicom máa ń tú jáde ní ìkékúrú ju àwọn tó kù lọ. OSSC ń gbé e lọ bó ṣe rí, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan á sì kọ̀ ọ́, wọn á dúdú kuu. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yín kí ẹ tó ju páálí rẹ̀ nù.

Tíráńsífọ́mà mi ò parun o. PlayStation ti ọdún 1994, Saturn àti Dreamcast ti Jàpáànù, inú ikùn wọn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ iná wọn sí, 100 ló sì ń jẹ. Okùn iná wọn jẹ́ oní-8, irú èyí tí ẹ máa rí lára rédíò, tó wọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo láyé. Nǹkankan ò ní dá yín dúró bí ẹ bá fẹ́ ki 230 bọ̀ ọ́. Mo lẹ bébà pupa mọ́ ẹ̀yìn PlayStation mi nítorí àlejò.

N64 ti Jàpáànù ló rọrùn jù nínú ìdílé náà. Àpótí iná rẹ̀ ń yọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, fóltì 3.3 àti 12 ni ti Jàpáànù ń tú jáde, òun náà ni ti Yúróòpù ń tú jáde. Ẹ fa ti 100 yọ, ẹ ki ti 230 bọ̀ ọ́, ẹ tan án. Wáyà S-Video tí ẹ rà fún Super Famicom ló máa wọ̀ ọ́ náà. Ti RGB ni kò ní ṣiṣẹ́, torí N64 ò tú RGB jáde àyàfi tí ẹnìkan bá ṣí i tó jó wáyà mọ́ inú rẹ̀.