Mo fá irùngbọ̀n mi lọ bá dókítà

Ó ti pẹ́ tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège, àmọ́ nígbà tí mi ò rí i fún oṣù mẹ́rin gbáko, tí mi ò sì lóyún, mo gba ilé ìwòsàn kan ní Kabba lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe scan ní kí n mumi títí ìtọ̀ á fi gbọ̀n mí dáadáa. Mo mu píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni iná lọ, wọ́n ní àwọn ń wá epo jẹnẹrétọ̀. Wákàtí kan ni mo fi ka itan pọ̀! Nígbà tó yẹ̀ mí wò tán, kò tiẹ̀ wojú mi: "Àǹtí, kò sí kókó kankan nílé ẹyin yín. Ẹ dín ẹ̀bà kù." Ta ló bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀bà? Dókítà ka ìwé rẹ̀, ó ní kì í ṣe PCOS, àìsàn hòmóònù tó máa ń da nǹkan oṣù obìnrin rú, bóyá mo ń ronú jù.

Níwájú kásíà ni mo ti ń tẹ ẹ̀sùn wọn sórí fóònù, ìràwọ̀ kan péré, tí màmá nọ́ọ̀sì kan fi kọjá. "Òkun o, ọmọ mi." Ó bá dúró. "Kí ló sú sí ọ lágbọ̀n yìí? Abẹ lo fi ń fá a?" Ojú tì mí. Láràárọ̀ ni mo ń fá a, ọdún kẹfà rèé, mo sì fá a wá síbẹ̀ náà. Dókítà ò bi mí, èmi náà ò sọ. Màmá fà mí lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni dókítà wá fẹnu tú u. Ìlànà tí wọ́n fi ń mọ PCOS láti 2003 ní ohun mẹ́ta: nǹkan oṣù tí kò gún; hòmóònù akọ tó pọ̀ jù, tàbí àmì rẹ̀ bí irùngbọ̀n; àti ilé ẹyin tí ẹyin kéékèèké kún inú rẹ̀ lójú scan. Méjì ti tó. Èmi ti ní méjì kí n tó gorí bẹ́ẹ̀dì! Ó kù kí wọ́n wo táírọ́ìdì (ẹṣẹ́ inú ọrùn) àti prolactin (hòmóònù tó ń mú omi ọmú wá), torí wọ́n lè fa irú ẹ̀ náà. Wọn ò ní àyẹ̀wò yẹn, Lọ́kọ́jà ni mo ti lọ ṣe é, láàárín ọkọ̀ sìmẹ́ńtì Obajana. Méjèèjì dáa. PCOS ni.

₦500 ṣéńjì mi ṣì wà lọ́wọ́ kásíà, "ẹ padà wá lọ́la" látọjọ́ náà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ béèrè màmá nọ́ọ̀sì, ẹ má sì fá irùngbọ̀n yín lọ.