Dáyámọ́ńdì aláwọ̀ àbínibí àti èyí tí a pa àwọ̀ rẹ̀ dà: èwo ni ká rà?

Dáyámọ́ńdì gidi ni méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ayédèrú ni ìkejì. Ibi tí àwọ̀ ti wá ni wọ́n ti yàtọ̀.

Hope Diamond, òkúta olókìkí tó wà ní Washington, tó wọn kárátì 45.52 (kárátì ni ìwọ̀n òkúta iyebíye), èròjà boron tó wọ inú rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ló sọ ọ́ di búlúù. Irú àbínibí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani.

Èkejì, ènìyàn ló fún un láwọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, William Crookes, fi dáyámọ́ńdì pa mọ́ sínú radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, títí ó fi di aláwọ̀ ewé, àmọ́ ìtànṣán olóró kù sí i lára. Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí i, wọ́n á sì tún fi iná mú un. Owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín.

Ìṣòro rẹ̀ ni iná alágbẹ̀dẹ wúrà. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ òrùka lójú, iná ìjórin lè yí àwọ̀ yẹn padà. Ẹ ní kó kọ́kọ́ yọ òkúta náà. (Èyí tí wọ́n kàn fi nǹkan bo lójú tún burú jù, ó máa ń ha.)

Bí ẹ bá ní títà lọ́kàn lọ́jọ́ iwájú, ẹ ra àbínibí, bó tilẹ̀ kéré. Tó bá jẹ́ fún ẹwà ọwọ́ nìkan, èmi á ra ìkejì, bí ìwé ẹ̀rí GIA (iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yẹ òkúta iyebíye wò) bá sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i.