Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ń to kọ̀ǹpútà géèmù ní Ìlọrin: ẹ má fi orúkọ tí Windows gbé jáde ra graphics card

Mo kọ ìkìlọ̀ yìí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà géèmù ní Ìlọrin, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé ní Tanke, tí owó yín kò ká graphics card tuntun (káàdì tí ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà), tí ẹ sì ń wá tòkunbọ̀ kiri. Oníṣòwò kan ta graphics card kan fún mi tí ó pè ní GTX 1060 6GB, ti iléeṣẹ́ NVIDIA, ṣùgbọ́n kì í ṣe GTX 1060 rárá.

Àbúrò mi ni mo ń to kọ̀ǹpútà náà fún. A ti ra processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600, motherboard B550 àti RAM 16GB. Ó ku káàdì nìkan, bẹ́ẹ̀ Ryzen 5 5600 kò ní graphics tirẹ̀ nínú, tí kò bá sí káàdì, ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣókùnkùn ni. Ìkánjú yìí ni ọkùnrin náà rí lára wa. Ó pe ₦95,000, ó ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì fi orúkọ GTX 1060 tí Windows gbé jáde hàn wá. Nígbà tí mo ní kí a gbá géèmù kan wò fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ní NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀, epo inú jẹnẹrétọ̀ òun sì ti fẹ́ tán. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti padà sílé, ṣùgbọ́n mo sanwó.

Nígbà tí a délé, driver tuntun (ètò tí ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì) tí a gbà láti ọ̀dọ̀ NVIDIA kọ̀, kò wọlé, géèmù ń wọ́ nílẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákú. Mo wá gbé GPU-Z sí i, ètò ọ̀fẹ́ tí TechPowerUp ṣe, tí ó ti ń tú irú àṣírí yìí láti 2018, ó sì kọ [FAKE] síwájú orúkọ káàdì náà. Chip GF106 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ṣe GTS 450 ní 2010. CUDA core (ẹ̀yà kéékèèké tí ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú chip) 192 ni GTS 450 ní; ti GTX 1060 6GB, tí ó jáde ní 2016, jẹ́ 1280.

BIOS káàdì náà, ètò kékeré tó wà nínú káàdì fúnra rẹ̀, ni wọ́n tún kọ. Òun ló ń sọ irú káàdì tí ó jẹ́ àti iye memory rẹ̀ fún Windows, ohun tí ó bá sì sọ ni Windows yóò gbé jáde, bí ìgbà tí ènìyàn bá rọ ìrẹsì àtijọ́ sínú àpò tuntun. Àmì kan wà tí ojú lásán lè rí: káàdì ìran GTX 10 kì í gbé àwòrán VGA, irú èyí tí monitor àtijọ́ ń lò, jáde fúnra rẹ̀ mọ́, nítorí náà, bí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ohun tí wọ́n pè ní GTX 1060, ẹ jẹ́ kí ara fu yín gidigidi.

Ẹ ṣọ́ra fún RX 580, káàdì ti AMD, pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2048SP kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n core 2048 ló ní, kì í ṣe 2304 bíi ti RX 580 gan-an, kò sì yẹ kí ẹ san owó kan náà lé e.

Ẹ gbé GPU-Z sínú flash lọ sí ọjà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí káàdì náà ṣiṣẹ́ líle fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú yín, kí ẹ sì ya fídíò rẹ̀. Bí epo bá ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ bá wọn rà á, owó epo kéré sí ₦95,000. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ káàdì náà ní kíkún àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sínú rísíìtì. Tèmi kò ní ju «ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà» lọ. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi gbólóhùn yẹn hàn mí, ó sì ní àbúrò mi ló ba káàdì náà jẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti ta á fún òun náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ dá lójú kì í sá fún ìdánwò. Káàdì náà ṣì wà lórí tábìlì mi pẹ̀lú ihò VGA rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àbúrò mi kò sì tíì rí káàdì mìíràn.