Batukaras ní etíkun Java: ẹ háyà yàrá, ẹ má ra ilẹ̀

Abúlé apẹja ni Batukaras, lábẹ́ Cijulang, ní agbègbè Pangandaran tí wọ́n gé kúrò lára Ciamis lọ́dún 2012. Etíkun gúúsù erékùṣù Java, lórílẹ̀-èdè Indonesia, ló wà. Òkè kan yọ sínú òkun níbẹ̀, ó sì gba agbára ìgbì mọ́ etíkun náà lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgbì ibẹ̀ fi ń gùn tí kì í sì í le, débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pákó gun ìgbì lè dìde dúró lórí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àlejò: ọkọ̀ tó ń gbéni débẹ̀, yàrá tí wọ́n ń fi háyà, oúnjẹ, àti ilẹ̀ tí àwọn alágbàtà ń rọ àjèjì pé kó rà. Yàrá àti oúnjẹ tó owó wọn dáadáa. Ilẹ̀ ni kí ẹ sá fún.

Páásípọ̀ọ̀tù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà kì í rí físà gbà ní pápákọ̀ òfurufú Jakarta. Ó ní láti gbà á kó tó kúrò nílé, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ti Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà yóò san 500,000 rupiah fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì lè fi ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ ojú irin kan ń gbéra ní Gambir, ní Jakarta, tó ń gba Bandung kọjá. Pangandaran ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì máa ń ṣi àlejò lọ́nà, torí ìlú Banjar ló ń parí sí, nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà sí Pangandaran gan-an. Ojú irin tí àwọn Òyìnbó Dutch ṣe láti Banjar dé Cijulang ti di àpatì láti àwọn ọdún 1980. Ihò Wilhelmina tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè kọjá ní Kalipucang, tó gùn ju mítà 1,100 lọ, ṣì wà níbẹ̀ láìsí ọkọ̀ tó ń gbà á. Ohun ìbànújẹ́ gbáà ni, torí ojú irin yẹn ì bá gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà abúlé náà. Bó ṣe wà yìí, bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò háyà ni ẹ ó wọ̀ ní Banjar, ẹ fi wákàtí méjì sí i dé Pangandaran, ó sì tún ku nǹkan bíi kìlómítà 35. Bọ́ọ̀sì kì í kọjá Cijulang. Ọ̀kadà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ojek, ló ń gbéni dé Batukaras; ẹ ná an kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀ ò ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ní Pangandaran, torí owó tútù ni ọ̀pọ̀ onílé àti olóúnjẹ ń gbà.

Ní ti yàrá, ẹ má wo bẹ́ẹ̀dì nìkan. Ẹ béèrè iye iná tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé abúlé ní Indonesia ló ń lo 900 VA; VA ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí ilé lè lò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì jìnnà sí watt. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní ½ PK, ń jẹ nǹkan bíi 400 watt. Kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi tíì lè jẹ 600. Ìkòkò iná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì lè jẹ 350. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, iná á já, kì í ṣe pé ìjọba mú un lọ. Ilé tó ní 1,300 VA ṣeé fara mọ́ bí ẹ kò bá tan gbogbo nǹkan pọ̀, 2,200 ló sì fini lọ́kàn balẹ̀. Mítà tí wọ́n ń sanwó sí ṣáájú ló pọ̀ jù: bí ẹ bá ra iná ní kíóskì, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tó jẹ́ ogún lóǹkà, òun ni ẹ ó tẹ̀ sí i. Bó bá ń dún kíí-kíí, owó inú rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ gbé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó bá onílé pinnu ẹni tí yóò máa ra iná, kó sì ya fọ́tò iye tó wà lórí mítà lọ́jọ́ tó wọlé.

Omi tún ṣe pàtàkì. Kànga tó sún mọ́ òkun máa ń ní iyọ̀ nínú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí omi dídùn orí ilẹ̀ tín-ín-rín ni, omi òkun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fà á jù, omi iyọ̀ á gòkè. Ẹ fi ọṣẹ dán an wò: bí kò bá hó dáadáa, ẹ lọ wo ilé tó wà lókè díẹ̀. Omi mímu, gálọ́ọ̀nù lítà 19 ni ẹ ó máa rà. Afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, nítorí náà ẹ wo àpótí ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níta; bí ìpẹtà bá ti bo gbogbo rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Ní ìgbà òjò, láti November dé March, ẹ rí i pé àwọ̀n ojú fèrèsé kò ya, torí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dengue ń jẹni lọ́sàn-án.

Ọ̀nà òkè kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí yàrá yín. Lọ́jọ́ 17 oṣù July, ọdún 2006, ilẹ̀ mì nísàlẹ̀ òkun, òkun sì ya wọ etíkun gúúsù Java, ó pa èèyàn tó lé ní 600. Ìmìtìtì náà kò le lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn, ó kàn rọra pẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ò sì fura. Torí náà, bí ilẹ̀ bá mì ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ, bó ti wù kó rọra tó, òkè ni kí ẹ gbà lọ láìdúró de fèrè. Pátákó tí wọ́n kọ "Jalur Evakuasi", ìyẹn ọ̀nà àsálà, sí ló ń tọ́ka ọ̀nà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ bá dé.

Oúnjẹ kò lẹ́jọ́. Ẹja ibẹ̀ tutù, sambal, ìyẹn ata lílọ̀ wọn, ta débi tó tẹ́ ọmọ Yorùbá lọ́rùn, ọbẹ̀ ẹja pindang gunung sì ní ìkan tó ń ṣí ẹnu. Tútù ni wọ́n ń wọn ẹja. Ẹ béèrè bóyá owó sísè wà nínú iye tí wọ́n pè. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Green Canyon, odò tó gba àárín àpáta kọjá nítòsí, àárọ̀ Jímọ̀ọ̀ kọ́, torí àwọn awakọ̀ á ti lọ kírun; ẹ má sì lọ lẹ́yìn òjò ńlá, omi á ti di ẹrọ̀fọ̀. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun Batu Hiu, omi ibẹ̀ ń wọ́ni lọ. Ìgbà ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún: yàrá á wọ́n, etíkun á kún fọ́fọ́.

Ilẹ̀ ló kù. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1960 kò jẹ́ kí àjèjì ní Hak Milik, ìyẹn ilẹ̀ tó di tẹni títí ayé. Alágbàtà á ní kí ẹ fi orúkọ ọmọ ìbílẹ̀ rà á, kí ẹ wá ní ìwé mìíràn lábẹ́lẹ̀. Abala 26 nínú òfin yẹn sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di asán: ilẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ẹ kò sì ní rí owó yín gbà. Hak Pakai, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, wà fún àjèjì tó ní ìwé ìgbélùú, ọgbọ̀n ọdún, wọ́n lè fi ogún kún un, kí wọ́n tún fi ọgbọ̀n kún un. Àmọ́ ìjọba ti dá iye tí owó ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí, ilé kékeré lábúlé kì í sì í tó o.

Ilé háyà ọlọ́dún púpọ̀ ló bójú mu, bí ìwé bá pé. Ẹ ní kí onílé mú sertipikat, ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ilẹ̀, wá, kí nótárì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní BPN, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀. Girik tàbí Letter C kò tó. Àkọsílẹ̀ owó orí ni, bí ìgbà tí ọmọ onílẹ̀ bá fún yín ní rìsíìtì lásán. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ogún, gbogbo àwọn tó ni ogún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Jakarta lè dé lọ́dún kẹta kó ní òun ò mọ̀ sí i. Ẹ wọn ilẹ̀ láti ibi tí omi òkun ń dé nígbà tó bá kún jù: ọgọ́rùn-ún mítà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ààlà tí òfin fi dáàbò bo etíkun, wọ́n sì lè wó ilé tó bá wà níbẹ̀. Owó orí háyà jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ san. Ẹ kọ ẹni tí yóò san án sínú àdéhùn, kí ẹ sì san owó náà lọ́dọọdún tàbí lọ́dún méjì-méjì dípò kí ẹ kó ti ogún ọdún kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.