Póùn ni àbí tọ́ọ̀nù? Ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó bá wa ṣèwádìí ẹrù

Ìlà kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ ẹrù ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. A gba iléeṣẹ́ kan pé kí wọ́n bá wa ṣèwádìí ẹrù tó ń jáde láwọn ilé ìkẹ́rùsí tí a jọ ń ṣòwò ní Houston. Adìyẹ dídì ló wà lórí ìlà yẹn, ó ń lọ sí Atlanta, owó rẹ̀ 60,000 dọ́là. Níbi tí wọ́n ń kọ póùn sí, 20 ni wọ́n kọ. Adìyẹ wo ni wọ́n ń ta póùn kan ní 3,000 dọ́là? Kọ̀ǹpútà wọn rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ńṣe ló pa 20 rẹ́, tó fi 6,000 póùn, ìpíndọ́gba gbogbo ẹrù dídì, dí àyè rẹ̀. Kò sí àmì kankan níbẹ̀ tó fi hàn pé àwọn ló kọ ọ́!

Mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Mà, ẹ̀rọ ti tún un ṣe." Mo ní, ta ló wá bi àwọn tó ni ẹrù? Ó ní ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ àwọn. Ó ní kí n dúró, orin ń dún létí mi, ìgbà tó sì padà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Inú mi ru gan-an.

N ò ní purọ́ mọ́ wọn o, bí wọ́n ṣe yan ẹrù dára púpọ̀. Ìlànà Commodity Flow Survey ni wọ́n tẹ̀ lé, ìwádìí nípa ẹrù tí wọ́n ń kó káàkiri, èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba méjì, Census Bureau àti Bureau of Transportation Statistics, ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1993, tí wọ́n ń ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún báyìí. Wọ́n á kọ́kọ́ yan ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n á yan ọ̀sẹ̀ kan fún un láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á mú díẹ̀ lára ẹrù ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ kò ní kọ gbogbo rẹ̀, á máa kà, á máa fò, á mú èyí tí kíkà bá bọ́ sí. Àwọn akọ̀wé tí kì í fẹ́ rí fọ́ọ̀mù sójú ò ráhùn rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá wọn kan, obìnrin, pè mí fúnra rẹ̀. Ó ti pe ilé ìkẹ́rùsí, ó ti ní kí wọ́n ka ìwé ẹrù náà sí òun létí: 20 tọ́ọ̀nù ni, ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó di 40,000 póùn, tírélà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, póùn kan sì di dọ́là kan ààbọ̀. Houston sí Atlanta tó bí 800 máìlì. Tí ẹ bá fi 20 tọ́ọ̀nù sọ ọ́ di púpọ̀, 16,000 tọ́ọ̀nù-máìlì ni, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù lọ́nà iye máìlì tó rìn. Iye tí ẹ̀rọ fi dí i, 6,000 póùn, ìyẹn tọ́ọ̀nù mẹ́ta, kò lè fún wa ju 2,400 lọ. Ẹ wo bí ìlà kan ṣe lè ba ìṣirò jẹ́!

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó tú gbogbo ìlà tí ẹ̀rọ ti dí wò. Ibi tí ẹlẹ́rù kò ti rí ìwé rẹ̀ mọ́, ó yá ìwọ̀n lára ẹrù tó jọ ọ́, ọjà kan náà, tí owó wọn àti ọ̀nà tí wọ́n rìn súnmọ́ra, ó sì sàmì sí i. Ohun tí mo ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí mo pariwo ni wọ́n tó ṣe é, pẹ̀lú gbogbo owó tí a san?

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. A ó tún gbà wọ́n fún oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, bí obìnrin yẹn bá gbà láti bójú tó iṣẹ́ wa.