Ọpẹ́rà inú ilé ijó: ẹ má wọ bàtà gogoro lọ

Kò sí àga kankan. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò, orí ìdúró la ti wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, DJ ló sì wà níbi tó yẹ kí olùdarí orin wà. Wọ́n ń pín fóòmù tí a fi ń dí etí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbà á.

Ọkùnrin kan tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni ìtàn náà dá lé. Àpótí kásẹ́ẹ̀tì àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọn kì í dárúkọ àbúrò bàbá yìí nínú ilé. Wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò nínú gbogbo fọ́tò ẹbí. DJ ni nígbà ayé rẹ̀, ní Chicago, nígbà tí Frankie Knuckles ń ṣe DJ ní Warehouse. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí ilé ijó yẹn, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àti Látínò tó fẹ́ràn ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni orin house, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, ti fìdí múlẹ̀. Orin ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ṣùgbọ́n láàárín orin kan sí òmíràn, olóògbé máa ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n sọ di orin ọpẹ́rà.

Apá kejì ló mú mi jù. Àwọn oníjó kún orí ìtàgé, ìlù ń dún ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnìkan rọra jáde. Òmíràn tún jáde. Ìlù ò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ojú agbo ń ṣófo. Wọn ò dárúkọ àìsàn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ pé ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àrùn tí a wá mọ̀ sí éèdì, á mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìgbà yẹn ni bàbá ọkùnrin náà wọlé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ẹni tó mú àlùmọ́gàjí. Orin tí àbúrò rẹ̀ ti kọ lórí ìlù ni òun náà gbé, DJ bá dín ìlù kù sí ìdajì, 60. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dúró. Ẹsẹ̀ ò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Bàbá yìí ò tọrọ àforíjì kankan. Ohun tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ ni pé ẹ̀rù ba òun.

Obìnrin ló kọrin ipa àbúrò bàbá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kùn lẹ́yìn mi pé àṣà ayé òde òní ni. Ọ̀gbẹ́ni, ọpẹ́rà ti ń ṣe é tipẹ́! Cherubino, ọmọkùnrin inú eré Mozart ọdún 1786, obìnrin ló ń kọrin ipa rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré ló ń fi ohùn òkè kọ ipa akọni.

Ohun tó bí mi nínú ni máíìkì. Olórin ọpẹ́rà tó kọ́ṣẹ́ dáadáa máa ń mú ohùn rẹ̀ le ní nǹkan bíi 3,000 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), níbi tí ohùn àwọn ohun èlò orin kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìlù ńlá ilé ijó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tó 100 Hz. Wọn ò lè bo ara wọn mọ́lẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n fi so máíìkì mọ́ gbogbo olórin látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Nínú ìran ilé ìdáná, ìyá ń fọ abọ́, sẹ́lò (gòjé ńlá) kan ṣoṣo ló ń bá a lọ, kò sí ìlù rárá. Ká ní mo nawọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Síbẹ̀, inú sípíkà tó wà lẹ́yìn mi ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mi dùn mí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n ń tàn sára ògiri, èéfín ò jẹ́ ká rí i kà. Ní apá kẹta, wọ́n gbé asọ̀tàn kan wọlé, òun nìkan ló sì rí àga jókòó sí nínú gbogbo wa. Ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran ẹbí náà láti orí bàbá àgbà, ohun tí kásẹ́ẹ̀tì ti sọ fún wa tán.

Màá tún lọ. Apá òsì ni màá dúró sí, jìnnà sí sípíkà, bí wọ́n bá sì ti ń gbé àga asọ̀tàn bọ̀, màá jáde lọ mu omi.